Ẹni Tó Ń Bá Mi Gbọ́ Ohùn Kọfí

Alága ìjókòó wa, Olóyè Ládépọ̀, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin àgbààgbà Ọ̀jọ́ àti Ìbà, mo kúnlẹ̀ kí yín, bí orúnkún tilẹ̀ ń dùn mí. Ẹ̀yin aṣáájú wa ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ní mọ́sáláṣí, ẹ kú àdúrà. Ẹ̀yin ará Navy Town, ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin ọmọ yunifásítì tí ẹ ń fi kọfí wa kàwé, ẹ kú àdúrótì. Ẹ̀yin obìnrin ẹgbẹ́ ayankọfí Igbó-Elérin, ẹ̀yin tí a jọ ń fa èéfín símú, kí ni mo fẹ́ fi kí yín? Ẹ̀yin èèyàn mi, mo kí gbogbo yín pátá.

Bí mo bá ń pariwo, ẹ bá mi fara dà á. Etí mi ló kú, mi ò mọ ìgbà tí ohùn mi ń lọ sókè. Ẹ ń rẹ́rìn-ín! Mi ò gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n mo ń rí eyín yín. Mọ́rúfù, tìẹ ló pọ̀ jù.

Bàbá Bọ́lánlé, ọkọ mi tó ti lọ sinmi, ni wọ́n kó mi sínú ọ̀rọ̀ kọfí. Kúùkù ni wọ́n ní Navy Town. Ìrìn àjò orí omi kan ni wọ́n ti pàdé kọfí tó pupa rúsúrúsú, tó ń ta sánsán lẹ́nu bí ọsàn tó pọ́n, láti ìgbà náà ni wọn ò ti fẹ́ rí kọfí dúdú sójú mọ́. Ní 1986, tí owó wa já wálẹ̀, tí kọfí inú agolo di ohun tí à ń wò látòkèèrè, wọ́n já àpò kọfí tútù láti Kàbà sílẹ̀ níwájú ilé, wọ́n ní, "Ìyá Bọ́lánlé, ṣebí o mọ gàrí yan? O mọ kọfí yan nìyẹn." Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ ọkùnrin!

Fàúsátù, aládùúgbò mi, ń ta ẹ̀pà nígbà náà. Ó ní òun á ràn mí lọ́wọ́. Kí ló ṣe? Ó rẹ kọfí sínú omi iyọ̀ bíi ti ẹ̀pà! Èmi náà sì gbà bẹ́ẹ̀, torí ó jọ ọgbọ́n lójú mi. A yan án, a lọ̀ ọ́, a gbé e fún Bàbá Bọ́lánlé. Wọ́n mu ún, wọ́n wo ojú mi, wọ́n wo ti Fàúsátù, wọ́n ní, "Ẹ ṣeun, ọbẹ̀ yín dùn. Ẹja rẹ̀ dà?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ta ni kò lè jó kọfí dúdú? Ti pupa ló lágídí. Bí iná bá pọ̀ jù, ara rẹ̀ á pọ́n, inú rẹ̀ á wà ní tútù, ẹ máa mu ún bí ẹni ń jẹ ewé. Bí iná bá kéré jù, á pẹ́ lórí agbada, adùn rẹ̀ á sá lọ, á wá dà bí omi tí wọ́n rẹ búrẹ́dì sí. A ba kọfí jẹ́, a ba kọfí jẹ́, kó tó yé wa. Iná á kọ́kọ́ mú dáadáa. Bí kọfí bá ti ń pọ́n bí ọ̀gẹ̀dẹ̀, tó ń rùn bí àgbàdo sísun, à á fa igi jáde díẹ̀díẹ̀, àfọ́kù igbá tí a fi ń rò ó ò sì ní sinmi. Ó wá ku etí. Kọfí á máa ta, pá, pá-pá, bíi gúgúrú. Bí títa yẹn bá ti ń rọlẹ̀, ká dà á sórí atẹ lójú ẹsẹ̀, ká máa fẹ́ ẹ kó lè tutù. Ẹni tó bá fi etí síbòmíràn nígbà yẹn ti ba kọfí jẹ́. Àwọn ará Okokomaiko ní, "Kọfí tí kò dúdú, ṣé àgbo ibà ni?" Ẹ wò wọ́n níwájú níbẹ̀ yẹn, ife wà lọ́wọ́ wọn.

Etí yìí náà ló wá ń daṣẹ́ sílẹ̀. Mo rò pé sípíkà àwọn ọmọ Alaba ló ń bo ohùn kọfí mọ́lẹ̀, mò ń ṣépè fún ọmọ ọlọ́mọ. Nígbà tó yé mi, ẹ̀rù bà mí, ẹ̀rù gidi. Opó ni mí. Agbada yẹn ló rán Bọ́lánlé níwèé, òun ló ń jẹ́ kí n fẹ́ jí láàárọ̀. Bí wọ́n bá ní kí n kúrò nídìí ẹ̀, kí ni mo fẹ́ dà? Mo pa á mọ́ra. Àṣé Fàúsátù ti mọ̀. Á wá dúró lẹ́yìn mi, bí títa kọfí bá ti ń rọlẹ̀, á fa ìró mi.

"Kí lò ń fa aṣọ mi fún?"

"Ìyá Bọ́lánlé, eṣinṣin ni mò ń lé."

Eṣinṣin! Nínú èéfín yẹn!

Ọjọ́ tí Fàúsátù lọ síbi òkú ní Ọ̀tọ̀-Àwórì ni àṣírí tú. Mò ń rò, mò ń retí kó ta. Ó ti ta tipẹ́. Adéníyì, onílé wa, ló gba agbada lọ́wọ́ mi, ó rò pé ilé òun ti ń jó. Kọfí ti di èédú. Mọ́rúfù, tó ń bá wa ta kọfí ní Alaba, dìde nípàdé ẹgbẹ́, kò sì sọ ọ́ tìkà-tìkà: "Ìyá, etí yín ti lọ. Ẹ jẹ́ ká wá ẹlòmíràn, kẹ́ ẹ lè sinmi." Mò ń wo ẹnu rẹ̀, mo mọ ohun tó sọ. Omi dà lójú mi pòròpòrò. Ni Fàúsátù bá bọ́ síwájú, ó ní, "Etí wọn ò lọ síbì kankan. Èmi rèé." Mọ́rúfù, ṣé bẹ́ẹ̀ kọ́? Ẹ wò ó, ó ń mi orí.

Láti ìgbà náà, èmi jókòó lórí àpótí, òun dúró lẹ́yìn mi. Ọwọ́ tèmi, etí tirẹ̀. Síbẹ̀, kọfí Ìyá Bọ́lánlé ni gbogbo yín ń pè é. Ẹ ti gbọ́ kọfí Fàúsátù rí? Ó ń dùn mí. Ta ló máa dúró lẹ́yìn ẹlòmíràn títí irun orí rẹ̀ á fi máa funfun, tí kò ní kùn? Ẹnikẹ́ni ò lé mi o. Èmi ni mo ní mo fẹ́ dìde lórí àpótí, kí Fàúsátù jókòó síbẹ̀. Nígbà tí mo sọ fún un, ó yarí: "Bẹ́ ẹ bá ṣì wà láyé, mi ò ní jókòó síbẹ̀. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n yan. Èmi ò mọ̀ ọ́n."

Ó dáa. Fàúsátù, wò mí dáadáa. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ní inú ń run mí, mo ní kí o bá mi mójú tó agbada. Irọ́ ni. Inú kankan ò run mí. Ojú fèrèsé ni mo wà. Mi ò gbọ́ nǹkan kan, ṣùgbọ́n mo rí ọ tí o fa igi jáde. Mo rí ọ tí o tẹ orí, tí o fetí sílẹ̀. Kó tó di pé mo rò ó lọ́kàn pé ó tó, o ti dà á sórí atẹ. Mo sunkún lójú fèrèsé yẹn bí ọmọdé.

O rò pé Mọ́rúfù ti gbé kọfí náà lọ sí Alaba. Kò gbé e lọ. Òun ló wà nínú ife gbogbo èèyàn tó jókòó síbí. Olóyè ti ní kí wọ́n bu òmíràn fún àwọn. Ọwọ́ mi ò kàn án rárá.

Ẹ̀yin èèyàn mi, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹ wá ẹni tó máa dúró tì yín tì. Kí ilé yín tòrò, kí ara yín le, kí ẹ sinmi lójú ayé yín. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, ẹ ṣé o.

Fàúsátù, nu ojú ẹ. Àpótí ti ṣófo. Lọ jókòó.