Èmi Ni Mo Gé Wáyà Ilẹ̀ Náà

Ẹ̀yin ará ìjọ, ẹ jókòó. Ẹ má kí mi, ẹ má sì pè mí ní Bàbá títí n ó fi parí ọ̀rọ̀ mi. Ohun tí mo fi pamọ́ láti ìgbà ìkórè tí Àdúràgbèmí kú, òní ni yóò jáde. Ẹnu mi ni ẹ ó ti gbọ́ ọ, nítorí ẹnu yìí kan náà ni ẹ ti gbọ́ irọ́.

Ẹ mọ̀ mí. Èmi ni Olútóyè Àrówólò tó ń ta sípíkà, tó sì ń tún un ṣe, ní Lagos Town yìí nílẹ̀ Gánà. Ẹ mọ Àdúràgbèmí náà, ọmọ Ìbídùn àbúrò mi, tó ń ta gìtá fún yín nínú ìsìn. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣì ń ru ámpù ńlá kiri, ó ra ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀, tí ń sín ohùn ámpù èyíkéyìí jẹ. Ẹ̀rọ yẹn kò lè dún síta fúnra rẹ̀. Ó ń fẹ́ àpótí sípíkà tó ní agbára iná tirẹ̀ nínú, èyí tí yóò sọ ohun tí wọ́n bá sọ fún un, tí kò ní fi kún un, tí kò sì ní yọ nínú rẹ̀. Ọ̀dọ̀ mi ló ti rà á. Ta ni ì bá tún lọ bá? Lójú àwọn oníbàárà ni mo ti gbé e fún un, mo sì fọ́nnu pé, "Sípíkà tó bá ti ọwọ́ mi jáde kì í kùn."

Kò pẹ́ tó fi gbé e padà wá. "Wọ̀fà," ó ní, bí àwọn ọmọ Gánà ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n ìyá wọn, "Wọ̀fà, ó ń kùn paa. Bí oyin. Pásítọ̀ ní àwọn ò gbọ́ àdúrà ara àwọn mọ́." Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Àkíbù tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ní, "Máàsítà, ẹni tí kì í kùn mà ti ń kùn o!" Ara mi gbóná. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Kì í ṣe ebi ló mú mi ṣe é, kì í ṣe àìmọ̀kan. Ẹ̀rín ni mo sá fún.

Mo mọ ohun tó ń fa ìkùn náà. Ojú iná tí ọmọ yẹn ń lò yàtọ̀ sí ti ẹ̀rọ tó ń kó ohùn ìjọ jọ. Bí mo bá ní kó ki àwọn méjèèjì bọ ojú iná kan, ọ̀rọ̀ ì bá tán. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, mo ti gbà pé sípíkà mi lè kùn. Nítorí náà mo tú ẹ̀yìn àpótí, mo sì gé wáyà ilẹ̀ tí ìkùn náà ń gbà wọlé. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀, wáyà yẹn ló ń fa iná tó bá ṣìnà lọ sínú ilẹ̀, kó má baà gba ara ènìyàn kọjá. Àkíbù rí mi. "Máàsítà, ẹ ti gé e?" Mo ní, "Ṣé ilẹ̀ ló ń kọrin ni?" Ó rẹ́rìn-ín. "Ó dáa náà. Ta ló ń wo inú?" Ọ̀pọ̀ wa là ń ṣe é, láti Kokomlemle dé Alajo. A ó gé e, a ó sì máa pe ara wa ní ọ̀gá. Ọ̀gá kí ni? Ọ̀gá apààyàn.

Ìkùn dákẹ́. Ọmọ náà dì mọ́ mi, ó ní, "Wọ̀fà, kò sẹ́ni bíi yín." Mo gba ọpẹ́ yẹn.

Ìgbà dọ́msọ̀ ni ìkórè ọdún náà bọ́ sí, tí iná ń lọ tó ń bọ̀ bó ṣe wù ú. Iná lọ láàárín orin, ẹ sì ń pàtẹ́wọ́ nìṣó. Nígbà tó padà, agbára rẹ̀ pọ̀ jù. Ẹ rántí àwọn gílóòbù tó bẹ́ lókè. Nínú àpótí mi náà, ohun kan jó, iná sì bọ́ sára irin rẹ̀. Kò rí ọ̀nà ilẹ̀ gbà mọ́, èmi ni mo gé ọ̀nà náà. Ó gba inú wáyà gìtá lọ, ó sì dúró sára okùn gìtá. Ẹ̀yin ń pariwo pé, "Iná dé! Iná dé!" Àdúràgbèmí ń rẹ́rìn-ín. Ó di okùn gìtá mú, ó sì na ọwọ́ kejì sí máìkì, iná sì gba ara rẹ̀ wá ọ̀nà ilẹ̀ lọ.

Nígbà tó ń gbọ̀n, ẹ rò pé Ẹ̀mí ló gùn ún. Ẹ ń ké Halelúyà. Èmi mọ̀ pé kì í ṣe Ẹ̀mí, ẹsẹ̀ mi kò sì kúrò nílẹ̀. Kwabena tó ṣe wáyà gbọ̀ngàn yìí ló fo àga, òun ló sáré lọ pa iná. Ó ti pẹ́ jù.

Ẹ rò pé ibẹ̀ ló burú dé? Ó kù. Ẹ ní kí n gbé àpótí náà lọ, kí n yẹ̀ ẹ́ wò, pé èmi ni mo mọ̀ ọ́n. Kí a tó sin ọmọ náà, mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, mo sì fi òjé so wáyà ilẹ̀ padà. Àkíbù ló ń bá mi di tọ́ọ̀ṣì mú. "Máàsítà, Kwabena ńkọ́? Òun ni wọ́n máa mú o." Mo ní, "Jẹ́ kí Kwabena gbé ẹ̀bi náà." Àkíbù ti padà sí Nàìjíríà. Ọ̀rọ̀ yẹn kò bá a lọ, ọ̀dọ̀ mi ló wà. Mo wá dúró níbi tí mo dúró sí yìí, mo sọ fún yín pé àpótí mi kò ní àbùkù, pé iṣẹ́ Kwabena ló pa ọmọ wa.

Inú ń bí mi sí ara mi, ṣùgbọ́n inú ń bí mi sí ẹ̀yin náà. Kò sí ẹnìkan nínú yín tó ní kí a pe ẹlòmíràn wá wò ó. Ẹni tó tà á ni ẹ fi ṣe adájọ́ rẹ̀. Àwọn kan ní Kwabena ni, àwọn kan ní àmúwá Ọlọ́run ni. Ọlọ́run kò gé wáyà. Kwabena kò gé wáyà.

Láti ọjọ́ náà kò sẹ́ni tó tún fún un níṣẹ́ ní àdúgbò yìí, níbi tí a ti bí i, tó ti gbọ́ èdè wa yékéyéké. Ìbídùn kú lóṣù yìí. Kó tó kú, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, n ò dárí ji Kwabena o. Ẹ má bá mi dárí jì í." Mo ní, "Mo gbọ́." Níbi ìsìnkú rẹ̀, Kwabena wá, àwọn ọ̀dọ́ yín sì lé e kúrò lábẹ́ ìbòòrùn, wọ́n ń pè é ní apààyàn. Kó tó lọ, ó bọ̀ mí lọ́wọ́. "Baba, ẹ kú ìdárò." Mo bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ padà. Ọwọ́ yìí náà ni.

Mo wá a lọ sílé rẹ̀ ní Alajo, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Abena ìyàwó rẹ̀ fi ìka tọ́ka sí ojú ọ̀nà. "Firi ha! Jáde!" Kwabena dá a dúró. Ó ní, "Baba, mi ò gbà á ní kọ̀rọ̀. Ibi tí ẹ ti sọ ti àkọ́kọ́, ibẹ̀ ni kí ẹ ti sọ èyí."

Mo ti sọ ọ́. Bí mo bá ti kúrò níhìn-ín, àgọ́ ọlọ́pàá ni mò ń lọ. Ẹ̀yin ọmọ tó ń ta gìtá, ẹ̀yin tó ń kọ́ iṣẹ́ wa, ìkùn kì í pa ènìyàn. Ẹ jẹ́ kó kùn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi yín rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá ra àpótí lọ́wọ́ mi, kó má tan án mọ́ títí ẹlòmíràn yóò fi tú u wò. Kì í ṣe èyí nìkan ni mo gé.

N kò tíì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ yín, nítorí ẹnìkan wà tó ṣíwájú yín. Kwabena, mo rí ọ lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Àpótí náà nìyí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. N kò tà á, n kò sì tú u láti ọjọ́ tí mo ti so wáyà rẹ̀ padà. Máa bọ̀ níwájú, wá gba sukudiráfà yìí lọ́wọ́ mi, kí o tú ẹ̀yìn rẹ̀. Wàá rí wáyà kan tí òjé wà láàárín rẹ̀. Gbé e sókè kí gbogbo wọn rí i. Lẹ́yìn náà ni n ó tó kúnlẹ̀.