Dígí Tí Mo Gbé Gun Òkè Ní Ọjọ́ Ìdọ́gba

Ẹ sún mọ́ mi, ohùn mi ò ròkè mọ́. Ẹ̀yin tí a jọ ń gun òkè pupa lọ́dọọdún, tí ẹ jókòó yí ibùsùn mi ká yìí, àti ìwọ Tamsin, ọmọ Corliss ọ̀rẹ́ mi, ọ̀rọ̀ kan ti há mi lọ́fun bí egungun ẹja láti ọjọ́ pípẹ́, mi ò sì fẹ́ gbé e wọ sàréè. Dókítà ní ọkàn mi ti rẹ̀, pé kí n má sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá dákẹ́ lónìí, tí ẹ bá gun òkè lọ́la, irọ́ èmi Geneva ni ẹ máa gbé dání. Bí ọ̀rọ̀ bá sì lọ́ mọ́ra wọn lẹ́nu mi, ẹ fara dà á. Ọ̀rọ̀ náà ti dàrú mọ́ èmi fúnra mi lójú tipẹ́, mi ò mọ orí rẹ̀ mọ́, mi ò mọ ìdí rẹ̀.

Ìyá Hester, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, àwọn ló kọ́kọ́ kó wa gun òkè ní Ọjọ́ Ìdọ́gba, ọjọ́ tí ọ̀sán àti òru gùn bákan náà, tí òtútù ń palẹ̀ mọ́, tí ewé tuntun ń yọ. Àwọn ló ni òkúta kírísítálì náà. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi hú u nínú ilẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Ákánsọ̀ nígbà tí wọ́n wà lọ́mọge. Ó mọ́ gaara bí omi òjò, àfi ìkùukùu funfun kan tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Bí oòrùn bá ti yọjú láàárín àpáta méjì tó wà lórí òkè náà, ìmọ́lẹ̀ á gba inú rẹ̀ kọjá, á da àwọ̀ òṣùmàrè sórí aṣọ funfun tí a tẹ́. A ó wá máa gbé e láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ẹni tí orúnkún ń dùn á gbé e lé orúnkún, ẹni tí ìbànújẹ́ bá á gbé e lé àyà. Lẹ́yìn náà a ó jẹ búrẹ́dì àgbàdo pẹ̀lú oyin, a ó mu kọ́fí, a ó máa fi ara wa ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí Ìyá Hester ń lọ, èmi ni wọ́n gbé òkúta náà lé lọ́wọ́. Wọ́n ní, “Geneva, èyí kì í ṣe ọlọ́run o. Ẹ máa gbé e kí ẹ lè máa rántí pé ọwọ́ ẹlòmíì ti dì í mú kó tó kàn yín.” Mo gbọ́, mi ò fi sọ́kàn. Ipò olórí tó bọ́ sí mi lọ́wọ́ ni mò ń wò.

Ní ọdún kan tí Ọjọ́ Ìdọ́gba ti ń sún mọ́lé, mò ń fi omi iyọ̀ fọ̀ ọ́ nínú bẹ́ísìn ilé ìdáná bí a ti máa ń ṣe. Fóònù dún. Mo yíjú, ó yọ̀ bọ́rọ́ lọ́wọ́ mi, ó gbá etí bẹ́ísìn, ó là sí méjì, orí rẹ̀ sì fọ́ yángá. Mo kúnlẹ̀, mò ń ṣa á. Ẹ wá gbọ́ ohun tó wà lọ́kàn mi lórí ìkúnlẹ̀ yẹn: mo ní wọn á ní Ìyá Hester ò mọ ẹni tí wọ́n gbé nǹkan lé lọ́wọ́. Ìtìjú ló bá mi, kì í ṣe ìbànújẹ́. Irú èèyàn tí mo jẹ́ nìyẹn.

Wendell àbúrò mi tó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn yẹn, gbogbo yín mọ̀ pé iṣẹ́ dígí ló ń ṣe, ó ń gé e, ó ń dán an fún àwọn tó ń ṣe fìtílà. Mo kó àfọ́kù náà lọ bá a, mo ní kó bá mi fi dígí gé irú rẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ sọ fún wọn pé ó fọ́. Ṣé òkúta kì í fọ́ ni? Èyí tó ń já lulẹ̀ lójú títì wa yìí ńkọ́?”

“Wọ́n á ní àmì burúkú ni.”

“Ta ni ‘wọ́n’? Àwọn tó ń jẹ oyin yín yẹn?”

“Wendell, ṣé wàá gé e fún mi àbí o ò ní gé e?”

Ó gba àfọ́kù náà lọ́wọ́ mi. “Màá gé e. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ máa gbé e o. Èmi ò bá yín gun òkè yẹn mọ́.” Kò sì gùn ún mọ́ láti ọjọ́ náà. Ẹ̀yin rò pé ẹsẹ̀ ló ń dùn ún. Ó gé dígí náà dáadáa, ó tilẹ̀ bá mi fi ìkùukùu sí ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Corliss wà lórí òkè láàárọ̀ Ọjọ́ Ìdọ́gba ọdún náà. Ẹ rántí bó ṣe máa ń pa wá lẹ́rìn-ín. Ó ti rí kókó kan nínú ọmú rẹ̀ òsì, ilé ìwòsàn ti dá ọjọ́ tí wọ́n máa ṣiṣẹ́ abẹ fún un, èmi nìkan ló sì sọ fún. Ó ní, “Geneva, ẹ̀rù ọ̀bẹ ń bà mí ju ẹ̀rù ikú lọ. Ọmú tí mo fi ń ṣe fọ́ńté látìgbà ọmọge!” Nígbà tí dígí náà kàn án, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, ó wò ó, ó wá tẹ ẹnu bọ̀ mí létí pé, “Ọ̀rẹ́ mi, ṣé òun náà nìyí? Kò tutù bíi ti tẹ́lẹ̀.” Ẹ ò rí i? Ọlọ́run ṣílẹ̀kùn fún mi. Ká ní mo sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ìtìjú díẹ̀ ni ì bá jẹ́, ìtìjú ò pa èèyàn. Àmọ́ mo fi ẹ̀rín sẹ́nu, mo ní, “Òun ni. Agbára rẹ̀ ló jí lónìí, ìyẹn ni kò fi tutù.” Ó di ojú, ó gbé e lé ọmú rẹ̀, omi ń dà lójú rẹ̀. “Ó gbóná,” ó ní. “Geneva, ó mà gbóná!”

Ibi tí orí mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú wá ni èyí. Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀. Bàbá Amos, tí kò la ẹnu sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti sin ìyàwó wọn, gba dígí náà, wọ́n gbé e lé ọ̀fun, wọ́n sì sọ ketekete pé, “Ẹ bá mi bu kọ́fí.” Gbogbo òkè bú sẹ́kún, ó bú sẹ́rìn-ín. Dígí fìtílà ni! Mo mọ̀ pé dígí fìtílà ni, síbẹ̀ èmi náà sunkún bíi tiyín, mo sì gbà á gbọ́. Báwo lẹ ṣe fẹ́ kí n túmọ̀ ìyẹn? Ṣé agbára ń gba inú irọ́ kọjá ni? Àbí ìfẹ́ yín ló la ẹnu bàbá náà? Mi ò mọ̀. Títí di òní, mi ò mọ̀.

Ohun tí Corliss rí nìyẹn tí kò fi lọ fún iṣẹ́ abẹ. Ó ní, “Èyí tó la ẹnu Amos, ṣé kókó lásán ló máa wá ṣòro fún un?” Nígbà tí ooru mú, ó wá bá mi ní ìta ilé yìí. Ó ti rù, ẹ̀wù ń fẹ́ lára rẹ̀, kókó náà sì ti tóbi. Kò ṣàwàdà kankan lọ́jọ́ náà. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, “Geneva, sọ òótọ́ fún mi. Kí n lọ, àbí kí n dúró? Ohun tó o bá sọ ni màá ṣe.” Mo wo ojú rẹ̀. Mo mọ̀ pé bí mo bá ní kó lọ, á bi mí pé kí ló ṣe òkúta. Mo ṣí ẹnu, ohun tó sì jáde níbẹ̀ ni, “Dúró. Ọjọ́ Ìdọ́gba kejì, ti ìgbà ìwọ́wé, ń bọ̀.” Ó mí kanlẹ̀ bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ fún. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ gbọ́ mi? Ó dúpẹ́! Ó dúró, ó ń dúró, títí òjò dídì fi rọ̀ tí a fi gbé e sin. Èmi náà ni mo sọ̀rọ̀ lójú oórì rẹ̀, ẹ sì yìn mí.

Mo ti rò ó, mo ti tún un rò. Ká ní òkúta Ìyá Hester ò fọ́, ṣé mi ò ní sọ fún Corliss pé kó dúró? Màá sọ ọ́, ọkàn mi á sì mọ́. Ṣé dígí ni ẹ̀ṣẹ̀ mi, àbí “dúró”? Bí mo bá dì mọ́ ọ̀kan, èkejì á fà mí. Mo bi Wendell léèrè rí, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò mọ̀. Dígí ni mo gé. Mi ò bá yín gé ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ sọ.”

Ǹ bá gbé e lọ bẹ́ẹ̀, ojo ni mí. Ṣùgbọ́n lánàá, Tamsin, o gbé ọbẹ̀ wá fún mi, o fọ ẹsẹ̀ mi, o wá rọra sọ pé, “Màmá Geneva, mo rí kókó kan níbi tí ti màámi wà. Mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá gun òkè lọ́tunla, èmi ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé òkúta fún. Màámi ní ó gbóná lọ́wọ́ àwọn.” Ẹnu mi tún fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kan náà, bí mo ṣe ń wò ọ́ yìí! Mo ní kó o bá mi bu omi kí n má bàa sọ ọ́.

Mo rí ojú rẹ, Tamsin. Mi ò ní kó o má wò mí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tó kù, bó bá wù yín, ẹ gun òkè lọ́la, ẹ di ohun tó bá wù yín mú, ẹ sunkún, ẹ jẹ oyin. Bóyá nǹkan wà nínú òkúta, bóyá kò sí, mi ò fẹ́ tún parọ́ lórí ohun tí mi ò mọ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ àárín wọn, ọ̀kan ṣoṣo ló dá mi lójú: ẹ má ṣe ní kí ẹnikẹ́ni dúró nítorí kí ojú má bàa tì yín.

Tamsin, mo fẹ́ tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n má tíì fún mi. Bó o bá dárí jì mí báyìí, wàá jókòó tì mí, wàá máa sunkún, ilẹ̀ á sì ṣú. Wendell, bọ́ síta, ṣáná sí ọkọ̀ rẹ. Ọmọ mi, tẹ̀ lé e. Bínú sí mi lójú ọ̀nà, bú mi, bú ìyá tó bí mi, títí wàá fi dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn. Ṣáà máa lọ. Má dúró.