Abẹ́rẹ́ Ológun Tí Suzanne Fi Gba Nùsíràt Là

Alága wa, Àlùájì Ṣàmsídéènì, mo kí yín. Ẹ̀yin àgbà Yorùbá àdúgbò PK8 nílẹ̀ àjò yìí, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin télọ̀ ẹgbẹ́ mi tí ẹ wá láti Akwa, títí dórí ẹ̀yin ọmọ tí Yorùbá kò fi bẹ́ẹ̀ yọ̀ lẹ́nu yín, ẹ̀yin èèyàn mi, mo kí yín tìfẹ́tìfẹ́. Èmi Mùíbì télọ̀ àti Nùsíràt ìyàwó mi ń padà sílé ní Ìwó lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi rí ẹni bá lọ.

Ẹ rántí àwọn ọdún kíríìsì, nígbà tí wọ́n já owó wa lulẹ̀. Ta ló tún ń rán agbádá? Àfi ìgbà tí Suzanne wọlé, nọ́ọ̀sì àwọn ṣọ́jà, ọmọ àdúgbò Bonamoussadi. Ó ní kí n rán àpò kékeré tí àwọn ṣọ́jà á máa so mọ́ ìgbànú, ó sì mú ohun tó máa wà nínú rẹ̀ wá kí n fi wọn aṣọ: abẹ́rẹ́ kan tó rí bíi bírò tó sanra. Ó ní bí gáàsì olóró bá mú ṣọ́jà lójú ogun, èémí rẹ̀ á há, itọ́ á máa dà lẹ́nu rẹ̀. Tí wọ́n bá ti ti abẹ́rẹ́ yìí mọ́ itan rẹ̀, abẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀ ni yóò gún un láti orí ṣòkòtò, tí yóò sì da oògùn sí i lára. Iṣẹ́ yẹn ló bọ́ wa. Nùsíràt kì í jẹ́ kí Suzanne lọ láìjẹun. Wọ́n di ìyá àti ọmọ.

Nùsíràt náà ń ta oògùn kòkòrò fún àwọn olóko kòkó níwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, kẹ́ẹ̀gì bẹ́, oògùn náà sì dà sí i láti àyà dé ẹsẹ̀. Kí n tó dìde, ó ti ṣubú, ó ń gbọ̀n, itọ́ ń dà, kò lè mí. Ọlọ́run ló ní kí Suzanne wá gba àpò lọ́jọ́ náà. Ó wo ẹyinjú rẹ̀, ó pariwo: "Papa, oògùn yìí àti gáàsì yẹn, ọ̀kan náà ni wọ́n!" Ó fa abẹ́rẹ́ tirẹ̀ yọ, èyí tí ìjọba fún un fún ẹ̀mí ara rẹ̀, ó tì í mọ́ itan ìyàwó mi. "Commot all the cloth! Bring water, bring soap!" A bọ́ aṣọ, a wẹ̀ ẹ́, a fi ìró wé e, a gbé e sínú takisí. Ọ̀nà ọsibítù la wà tó fi mí kanlẹ̀, ó ní, "Bàbá Barakat, aṣọ mi dà?" Ẹkún àti ẹ̀rín gbá mi mú pọ̀. Kàmọ́rù, télọ̀ ẹgbẹ́ mi, ìwọ lo jókòó ti maṣín-ìn mi ní gbogbo ìgbà tí mo fi wà lọ́sibítù. Mi ò gbàgbé.

Ṣùgbọ́n àwọn ológun ní Suzanne jẹ̀bi, pé ó fi nǹkan ológun tọ́jú ará ìta. Èmi àti Alága lọ bẹ ọ̀gá wọn ní bárékè. Ọ̀gá náà bi Suzanne níṣojú wa pé, "Tí gáàsì bá mú ìwọ lọ́la ńkọ́?"

Ó ní, "Mon commandant, ọ̀la nìyẹn. Ìyá yìí ń kú lọ lónìí."

Síbẹ̀, wọ́n já ipò rẹ̀ wálẹ̀, ó sì pẹ́ kó tó rí i gbà padà. Ǹjẹ́ ó fi ìyẹn yájú sí wa rí? Rárá o. Ọjọ́ kejì gan-an ló wá jẹun nílé wa.

Suzanne, ọmọ mi, dìde kí wọ́n rí ẹ. Láti àárọ̀ ni ìyá rẹ ti ń sunkún pé ta ni yóò máa se oúnjẹ fún ẹ. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀yin ni o. Ẹ má jẹ́ kí ó kọjá lẹ́nu ọ̀nà yín láìwọlé. Ọlọ́run yóò ṣọ́ ilé yín, àwọn ọmọ yín kò ní sọnù sí àjò. Suzanne, ọjọ́ tí ìwọ náà bá ké, ẹni tí kò ní ro tara rẹ̀ ni yóò gbọ́ ẹ. Èmi àti Nùsíràt dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ẹ ṣé gan-an o.