Ẹ̀rù Ọtí Ìsọmọlórúkọ Ń Bà Mí

Ìgò ọtí òyìnbó kan wà lórí tábìlì pálọ̀ wa báyìí. Bàbá ọkọ mi ló gbé e láti Abẹ́òkúta wá síbí ní Port Harcourt, láti fi sọ ọmọ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bí lórúkọ. Ọ̀túnla ni ìsọmọlórúkọ. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n ṣe: ìyá ọmọ á kọ́kọ́ tọ́ ọtí wò, kí wọ́n tó kán an sí ọmọ lẹ́nu, kí wọ́n sì wúre pé ọtí kì í tí, ọmọ ò ní tí. Inú mi ló yẹ kó máa dùn. Àmọ́ bí mo bá ń fún ọmọ lọ́mú, ẹ̀yìn ni mò ń kọ sí tábìlì yẹn. Kí ló dé? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó tì mí, kí n rò ó fún yín.

Ọlọ́pàá ni ọkọ mi. Nígbà tí àwọn sójà ìjọba àpapọ̀ gba ìlú yìí nínú ogun abẹ́lé ni wọ́n gbé e wá síbí, èmi náà sì tẹ̀ lé e. Ìlú dá páropáro nígbà náà, ilé pọ̀ ju èèyàn lọ. Mi ò ríṣẹ́ ṣe, ni mo bá ń ta kai-kai fún àwọn sójà, ògógóró tí àwọn obìnrin Woji ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé wá. Ọkọ mi mọ̀, ó dijú sí i. Ogun ni, ẹnì kan ò fọkàn tán ẹnì kejì. Májèlé ń ba àwọn sójà lẹ́rù, kò sí èyí tó máa mu àfi tí ẹni tó ń tà á bá kọ́kọ́ mu níṣojú rẹ̀. "Madam, drink am first make I see," ni wọ́n máa ń wí. Màá gbé díẹ̀ mì, wọn á rẹ́rìn-ín, wọn á wá mu tiwọn. Iye ẹni tó bá wá lóòjọ́ ni iye ìgbà tí màá mu.

Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Nígbà tó yá, mò ń tọ́ ọ wò kí oníbàárà tó dé. Nígbà tó tún yá, mi ò retí oníbàárà kankan. Ọkọ mi bínú, ó bẹ̀ mí, ó sú u. Mo lóyún, mo sì ń mu ún lọ bẹ́ẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo yó, mo ṣubú lẹ́bàá kànga, oyún náà sì bàjẹ́. Mò ń sọ ọ́ bí ẹni ń sọ ti ẹlòmíràn, torí bẹ́ẹ̀ nìkan ni mo fi lè sọ ọ́. Ọkọ mi ránṣẹ́ sílé pé ìró ìbọn ló já mi láyà tí oyún fi wálẹ̀. Bàbá gbà á gbọ́ títí dòní.

Ìyá Ìjọ ló gbé mi dìde. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni wọ́n, ìyàwó ọ̀gá kọ́sítọ́ọ̀mù kan, olórí àwọn obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì kékeré tí àwa Yorùbá ń lọ. Wọn ò wàásù fún mi. Wọ́n kàn bi mí pé, "Àsìkò wo ni òùngbẹ ẹ̀ máa ń gbẹ ọ́ jù?" Mo ní ìrọ̀lẹ́ ni, àsìkò tí àwọn sójà máa ń dé. Láti ọjọ́ náà, bí ìrọ̀lẹ́ bá ti dé, obìnrin kan nínú ìjọ á dé ọ̀dọ̀ mi. Òmíràn á gbé ẹ̀wà tó fẹ́ ṣà wá, òmíràn á gbé aṣọ tó ń rán. A ó gbàdúrà ṣókí, a ó kọrin, a ó máa sọ̀rọ̀ ilé títí ara mi á fi balẹ̀. Èmi tí mo ti pa àdúrà tì, mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀, bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí.

Ṣùgbọ́n bí mo ṣe dá ọtí dúró, àìsàn mú mi, mi ò rí oorun sùn. Ìyá Ìjọ fi àánú gbé àgbo wá fún mi nínú ìgò, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe fún gbogbo wa. Wọn ò rántí pé ọtí ni wọ́n fi rẹ egbò igi inú rẹ̀. Ta ni nínú wa tó ń ka àgbo sí ọtí? Ṣíbí kan ni mo kọ́kọ́ mu. Kí ọjọ́ kejì tó ṣú, ìgò náà ti gbẹ, mo sì ti wà létí odò Woji, mò ń wá ẹni tó máa ta kai-kai fún mi. Nígbà tí Ìyá Ìjọ gbọ́, wọ́n wá, wọ́n kúnlẹ̀ fún mi. Àgbàlagbà tó tó ìyá tó bí mi! "Èmi ni mo tì ọ́ ṣubú, ọmọ mi, má bínú." Ojú tì mí ju ti ìgbàkígbà lọ. Láti ọjọ́ náà, omi nìkan ni gbogbo obìnrin ìjọ wa fi ń se àgbo, ọtí ò sì kan ètè mi mọ́. Ogun parí, Ọlọ́run sì fún mi ní ọmọkùnrin yìí.

Ọkọ mi ní, "Ṣáà fi kan ètè. Ẹ̀kán kan ò lè pa ọ́. Àbí o fẹ́ kí Bàbá máa wádìí ni?" Kì í ṣe ìkà, ẹ̀rù ló ń bà á. Àmọ́ èmi mọ ohun tí ẹ̀kán kan jẹ́. Bí mo bá sì kọ̀ láìsọ ìdí, Bàbá á ní mo kọ ìwúre ọmọ. Mo ti pinnu. Lọ́la, bí Bàbá bá jẹun tán, màá kúnlẹ̀, màá sọ ohun tí ọtí ti sọ mí dà, màá sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ ká fi oyin àti omi wúre. Bí Ìyá Ìjọ bá lè kúnlẹ̀ fún irú mi, èmi ta ni tí mi ò ní kúnlẹ̀?

Ibi tó kù sí ni mo ti ń wá ìmọ̀ràn. Bàbá á béèrè ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ á sì dé ẹ̀bá kànga. Àná ni wọ́n gbé ọmọ yìí mọ́ra, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní Ọlọ́run ti fi í dípò èyí tí ìbọn gbà lọ́wọ́ wa. Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, ṣé kí n sọ fún wọn pé kì í ṣe ìbọn?