Lẹ́tà Tó Wà Nínú Ìwé Orin Mi

Ẹ̀yin ará ìjọ, òótọ́ tí mo ti gbé pamọ́ fún yín láti ọdún mọ́kànlá ni mo fẹ́ sọ lónìí. Ẹ jókòó dáadáa, ó gùn díẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ wúkọ́ kó tètè wú u. Àlùfáà ló ń bá mi kà á torí mi ò lè dìde mọ́, ṣùgbọ́n èmi Bàbá Aláago ni mo fọwọ́ ara mi kọ ọ́. Ìwé kẹrin ni mo kà dé, bí ẹ bá gbọ́ ibi tó wọ́, ẹ má bínú. Mo ti bẹ àlùfáà pé ibi tó bá ti tì mí lójú jù, kó má fò ó. Dókítà ní ọkàn mi ti rẹ̀, kí n múra sílẹ̀. Ọlọ́run kúkú ti mọ̀. Ẹ̀yin lẹ ò mọ̀.

Gbogbo yín lẹ mọ Ìyá Aránṣọ tó ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì yìí. Ẹ̀yin ọmọdé rò pé iṣẹ́ rẹ̀ ni. Iṣẹ́ tèmi ni. Èmi ni wọ́n gbà pé kí n máa lu aago, kí n máa gbálẹ̀, kí n máa nu àga, kí n sì máa lọ gba lẹ́tà ìjọ ní pósófíìsì ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ní ọdún méjìlá sẹ́yìn, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí ìyá yìí bí ta máṣìn ìránṣọ ìyá rẹ̀, ó sì sá lọ. Oṣù mẹ́jọ, kò sí ìròyìn. Ni ìyá bá wá bá mi níbi àgbá omi ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní, "Bàbá Aláago, mo ti jẹ́ ẹ̀jẹ́ fún Ọlọ́run. Títí màá fi gbúròó ọmọ mi, èmi ni màá máa gbálẹ̀ ilé Rẹ̀. Ẹ fún mi ní ìgbálẹ̀." Ẹ gbọ́, inú mi dùn. Orúnkún mi ti ń dùn mí tipẹ́, àga mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ló wà níbí, àwọn ẹyẹ inú àjà sì ń yàgbẹ́ sórí gbogbo wọn láìsinmi. Mo kó ìgbálẹ̀, àkísà àti garawa fún un, mo ní, "Ọlọ́run á gbọ́ tiyín." Mo wọ yàrá tí àlùfáà ti ń múra, mo lọ sùn.

Kò ju ọ̀sẹ̀ márùn-ún lọ lẹ́yìn ìyẹn, mo rí lẹ́tà kan ní pósófíìsì tí wọ́n kọ orúkọ ìyá sí. Ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí, torí ọmọ ò mọ̀ bóyá ìyá ṣì wà nílé àtijọ́. Mi ò mọ ohun tó wọ̀ mí. Irọ́ ni, mo mọ̀ ọ́n. Bíṣọ́ọ̀bù ń bọ̀ wá bẹ̀ wá wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ilẹ̀ gbọ́dọ̀ dán, bó bá sì jẹ́ ọmọ yẹn ló kọ̀wé, lọ́jọ́ náà gan-an ni ìgbálẹ̀ máa padà sọ́wọ́ mi. Mo gbé lẹ́tà náà sórí ooru omi tó ń hó títí gọ́ọ̀mù rẹ̀ fi rọ̀. Mo kà á díẹ̀díẹ̀. "Ìyá mi, èmi ni. Mi ò ní ojú tí mo fi máa wò yín. Ilé búrẹ́dì kan létíkun ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Tí ẹ bá ti dárí jì mí, ẹ kọ ìlà kan péré, màá wálé. Tí oṣù kẹfà bá parí tí mi ò rí nǹkan, á yé mi pé ẹ ò fẹ́ rí mi mọ́, màá bá ọkọ̀ ojú omi lọ."

Ó ku oṣù méjì kí oṣù kẹfà parí. Mo ní kí bíṣọ́ọ̀bù wá lọ ná. Ẹ ò rí òmùgọ̀. Bíṣọ́ọ̀bù dé, ó fi ìka ra àga, ó wo ìka, ó ní, "Ta ló ń tọ́jú ibí?" Àlùfáà ìgbà yẹn nawọ́ sí mi. Bíṣọ́ọ̀bù bọ̀ mí lọ́wọ́. Ìyá Aránṣọ dúró lẹ́yìn pẹ̀lú àkísà lọ́wọ́, ó ń rẹ́rìn-ín sí mi bí ẹni pé ẹ̀gbọ́n òun ni wọ́n ń yìn.

Lẹ́yìn ìyẹn, ojú ń tì mí láti gbé e fún un, torí mo ti ṣí i. Mo ní ó di ọ̀la. Nígbà tí ọ̀la dé, mo ní ó di ọ̀tunla. Ìyàwó mi wá rí i nínú ìwé orin mi. Ó kà á tán, ó jókòó pẹ̀sẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ gbé e fún un lónìí." Mo ní, "Kí ni kí n sọ pé ó ṣí i?" Ó ní, "Ẹ sọ pé olè ni yín. Obìnrin yìí ké pe Ọlọ́run, Ọlọ́run dá a lóhùn, ẹ̀yin wá jókòó lé ìdáhùn náà bí adìẹ tó sàba." Mo bẹ̀ ẹ́ kó má tú mi síta. Kò tú mi síta, ṣùgbọ́n kò bá mi jókòó lórí àga kan náà ní ṣọ́ọ̀ṣì yìí mọ́ títí ó fi kú. Ẹ̀yin rò pé torí etí rẹ̀ ò gbọ́ràn dáadáa ló ṣe ń jókòó níwájú. Oṣù kẹfà parí.

Ibí ni mo fẹ́ dúró. Àlùfáà, ẹ má dúró.

Lọ́dún kẹta, lọ́sàn-án ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, ìyá fi ìgbálẹ̀ ti ògiri. Ó ní, "Bàbá, ó ti rẹ̀ mí. Bóyá Ọlọ́run ti sọ pé rárá, èmi ni mi ò gbọ́. Mo fẹ́ gbé ìgbálẹ̀ yìí sílẹ̀, kí n máa wá ọmọ mi kiri." Ìwé orin wà lábẹ́ abíyá mi, lẹ́tà sì wà nínú rẹ̀. Ẹ mọ ohun tí mo sọ? Mo ní, "Ìyá Aránṣọ, Ọlọ́run kì í dákẹ́ lásán. Ẹ yẹ ara yín wò. Bóyá ẹ̀ṣẹ̀ kan wà tí ẹ fi pa mọ́." Ẹnu èmi yìí. Ó wò mí títí, ó sì mú ìgbálẹ̀ rẹ̀ padà. Lọ́jọ́ Ìsinmi, ó dìde láàárín gbogbo wa. Ó ní lọ́jọ́ tí ọmọ òun lọ, òun gbá a létí, òun ní kó má pe òun ní ìyá mọ́, bóyá ohun tí Ọlọ́run ń bínú sí nìyẹn. Ẹ̀yin àgbà rántí. Àwọn kan nínú yín ò gbé aṣọ fún un rán mọ́. Nígbà tó sọ̀rọ̀ tán, èmi ni mo lọ lu aago. Mo lu ú dáadáa.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn jù ni pé kò yéé gbàgbọ́. Nígbà tí ìyàwó mi kú, òun ló wá jókòó tì mí. Ó ní, "Ẹ mú sùúrù, Bàbá. Ọlọ́run tí mò ń dúró dè, Òun náà ló ń dì mí mú kí n má ṣubú." Mi ò lè wo ojú rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, mi ò pààyàn. Orúnkún ló ń dùn mí, mo sì fẹ́ sinmi díẹ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ fojú sílẹ̀ dáadáa fún ohun kékeré tó bá ti rọ̀ yín lọ́rùn.

Ìyá Aránṣọ, mo mọ̀ pé ẹ wà lórí àga ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, torí ẹ ti gbálẹ̀ kí àwọn tó kù tó dé. Lẹ́tà náà wà lọ́wọ́ àlùfáà, kó gbé e fún yín báyìí. Ibi tí ilé búrẹ́dì wà, ó kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Mo ti ní kí ọmọ mi obìnrin bá mi kọ̀wé síbẹ̀, wọn ò tíì fèsì. Mo bẹ̀ yín, ẹ dárí jì mí. Bí ẹ ò bá lè ṣe é, mi ò ní bá yín jà. Ṣùgbọ́n ẹ má bá Ọlọ́run bínú nítorí mi. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún péré ló fi dá yín lóhùn. Gbogbo ọdún mọ́kànlá tó kù, ọwọ́ mi ló ti wá. Ẹ gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ìyá. Ẹ̀jẹ́ yín ti pé tipẹ́.