Ọmọ Mi Sunkún Òkú Mi Lórí Fóònù

Mo wà láàyè o. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín pé ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ bíbí inú mi ti sunkún òkú mi rí, etí mi méjèèjì ni mo sì fi gbọ́ ọ. Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, nítorí ohùn tó kù lọ́fun mi kò ju kí ẹni tó jókòó tì mí gbọ́ lọ.

Ní Fìdítì tí mò ń gbé, ta ni kò mọ ohùn mi tẹ́lẹ̀? Bí mo bá ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi, wọn a gbọ́ mi dé títì. Gẹ̀gẹ̀ ló yọ sí mi lọ́rùn. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún mi ní Ìbàdàn, gẹ̀gẹ̀ lọ, ohùn bá a lọ. N kò bá ẹnikẹ́ni wíjọ́. Ẹ̀mí ṣáà kù. Àdùkẹ́, ọmọ kan ṣoṣo tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún mi kó tó kú, ti lọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Jọ́ọ̀sì nígbà tí ogun abẹ́lé parí tí ọkàn wa balẹ̀ láti jẹ́ kí ọmọ lọ sókè Ọya. Ìdánwò àṣekágbá rẹ̀ ti kù sí dẹ̀dẹ̀. A ní kí ẹnikẹ́ni má sọ fún un, kí ọkàn rẹ̀ má baà dàrú.

Ọ́fíìsì àbúrò ọkọ mi ní Ọ̀yọ́ ló máa ń fóònù sí. Akọ̀wé ni mò ń pe ọkùnrin náà, torí ìyàwó ilé kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ. Òun ló bá mi gbé fóònù lọ́jọ́ náà, orí wa fẹ́rẹ̀ẹ́ lẹ̀ mọ́ra níbi tí a ti ń gbọ́ ọ. Àdùkẹ́ ní kí n ṣàdúrà fún òun. Akọ̀wé ní, "Màmá ẹ ní Ọlọ́run á ṣe é." Ọmọ ní, "Ẹ fún màmá ní fóònù." Akọ̀wé ní, "Ara ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ le ni, ó ní kí n ṣáà kí ẹ."

Háà! Ẹ̀yin náà mọ ohun tí irú ọ̀rọ̀ yẹn ń jẹ́ nílẹ̀ wa. Bí ìyá bá kú tí ọmọ wà lókèèrè, ṣé a máa ń là á mọ́lẹ̀ fún un ni? Ni Àdùkẹ́ bá figbe ta: "Ẹ má tàn mí mọ́! Màmá mi ti kú!" Mo gba fóònù, mo pè é, pè é, èémí lásán ló ń jáde. Akọ̀wé wá ń ṣàlàyé gẹ̀gẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n ta ní í gba òótọ́ gbọ́ lẹ́nu ẹni tó ti kọ́kọ́ bo ọ̀rọ̀?

Kò pẹ́ tí Àdùkẹ́ fi já sí Fìdítì nínú aṣọ dúdú, ó bá mi níbi tí mo ti ń bó ẹ̀gẹ́. Ó dì mọ́ mi, ó ń fọwọ́ pa mí lójú. Inú mi dùn, inú mi sì bàjẹ́, nítorí ìdánwò kọjá lọ láìsí òun níbẹ̀. Ó di ọdún kejì kó tó rí i ṣe.

Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Láti kékeré rẹ̀ ni mo ti máa ń fi ṣíbí lu ọmọrí ìkòkò pè é wá jẹun, ó sì mọ bí ọwọ́ mi ṣe ń lù ú. Bó bá ti fẹ́ fóònù báyìí, mà á gbé ọmọrí ìkòkò mi, ó di ọ́fíìsì. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Ìyá, ṣé ọbẹ̀ ti jinná?" Mà á lù ú sẹ́nu fóònù, Àdùkẹ́ a ní, "Màmá, ẹ kú ilé o," ara mi a balẹ̀.

Àfi lọ́sẹ̀ tó kọjá tí mo bá Akọ̀wé ní ilé ìdáná mi, tó ń fi ṣíbí lu ọmọrí, tó ń tún un lù. Bí mo ṣe ń lù ú gẹ́lẹ́ ni! Mo bi í pé kí ló ń ṣe. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìyàwó, ta ló mọ̀la? Ọmọ ò ní í tún torí ẹ sá kúrò lẹ́nu iṣẹ́."

Ìfẹ́ ló fi ṣe é, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn o. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún ẹni tó jẹ́ ẹnu fún mi pé, lọ́jọ́ tí mo bá kú, kó fi ọmọrí náà sílẹ̀? Àdùkẹ́ ti sunkún mi nígbà tí n kò kú. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ṣe é kó máa kí mi kú ilé nígbà tí mo bá ti wà nínú ilẹ̀.