Ibi Tí Ohùn Rónkẹ́ Yóò Ti Dé Ẹ̀yìn Kíláàsì

Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, tí mo ṣì lè gun kẹ̀kẹ́ láti Òjó dé Ìbà níbí láìsọ̀kalẹ̀ sinmi, kò sẹ́ni tó ń bi tíṣà léèrè pé níbo lo fẹ́. Wọ́n á ní lọ síbí, wàá sì lọ. Ó parí.

Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ọmọ. Ẹ kọ́kọ́ pa tẹlifíṣọ̀n yẹn ná. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń sọ ọ́ kiri pé èmi Bàbá ni mo ní kí Rónkẹ́ ọmọ-ọmọ mi fi ìlú ńlá sílẹ̀, kó lọ máa kọ́ni lórí òkè ní Táílándì… ẹ súnmọ́ mi dáadáa. Mo fẹ́ ṣàlàyé. A ó mú un láti ìbẹ̀rẹ̀.

Èmi àti Sùnmọ́nù, ọ̀rẹ́ mi, la jọ parí ẹ̀kọ́ tíṣà. Wọ́n fi Sùnmọ́nù sí ilé ẹ̀kọ́ kan létí títì, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kan páànù sí lórí. Páànù tuntun, tó ń kọ mànà. Èmi ńkọ́? Wọ́n fi mí sí etí ọ̀sà, lápá Ọ̀tọ̀-Àwórì lọ́hùn-ún, ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ bò. Imọ̀ ọ̀pẹ! Ṣé ó yé yín? Bí ẹ bá gbójú sókè, ẹ ó rí alángbá tó ń mi orí sí ẹ̀kọ́ yín.

Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Láyé ìgbà yẹn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín o. Ẹni tó bá ti kan páànù, ọ̀làjú ti dé ilé rẹ̀ nìyẹn. Sùnmọ́nù á gun kẹ̀kẹ́ wá bá mi, á ní, "Tíṣà abẹ́ imọ̀, ẹ kú iṣẹ́ oko o! Ṣé ejò ò tíì jábọ́ sínú páálí ṣọ́ọ̀kì yín?" Ìyá mi sunkún. Ó ní ta ló máa fi ọmọ rẹ̀ fún ọkùnrin tó ń kọ́ni lábẹ́ imọ̀. Bàbá mi ò sunkún ní tiwọn. Apẹja ni wọ́n, ẹ̀yin ò bá wọn láyé. Wọ́n ń tún àwọ̀n ṣe, wọn ò tilẹ̀ gbójú sókè. Wọ́n ní, "A kì í mọ ọkọ̀ tó ń jò lórí ilẹ̀. Ẹ jẹ́ kó kan omi ná."

Ó kan omi lóòótọ́.

Àárín òjò ni. Mo lọ gba ṣọ́ọ̀kì ní ilé ẹ̀kọ́ Sùnmọ́nù, torí ibẹ̀ ni wọ́n ń kó tiwa sí. Ọjọ́ yẹn gan-an ni alábẹ̀wò dé. Ẹ mọ alábẹ̀wò? Òun ni ìjọba máa ń rán wá wo bí tíṣà ṣe ń kọ́ni. Bó bá sọ pé o ò mọ̀ ọ́n kọ́, o ti gbé nìyẹn. Ó jókòó sẹ́yìn, ó ká ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀. Sùnmọ́nù wọ ṣòkòtò péńpé tí wọ́n fi sítáàṣì lọ̀, ó ń fi Òyìnbó kọ́ àwọn ọmọ. Ẹnu rẹ̀ dùn lọ́jọ́ yẹn, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn.

Àfi bí òjò ṣe já lu páànù. Yéè! Ẹ̀yin mọ òjò Òjó yìí. Gbàràgàdà gbàràgàdà… Sùnmọ́nù lanu, a ò gbọ́ nǹkan kan. Ó pariwo, iṣan ọrùn rẹ̀ yọ, a ò gbọ́. Ó wá gun orí tábìlì, ó fẹ́ fi ṣàpèjúwe pé, ẹ wò ó, mo dúró sórí tábìlì. Àwọn ọmọ wò ó. Ohun tí tíṣà bá ṣe, ṣebí òun náà ni ọmọ máa ń ṣe? Gbogbo wọn gun orí bẹ́ǹṣì! Alábẹ̀wò dìde, ó ń ju ọwọ́, ó ń lanu, ó ń pa á dé. Àwọn ọmọ rò pé orin ló ń kọ fún wọn. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un! Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ sáré jáde lọ lu agogo. Ta ló fẹ́ gbọ́ agogo?

Lọ́jọ́ kejì, alábẹ̀wò wọ ọkọ̀ ojú omi wá sọ́dọ̀ mi. Òjò kan náà tún dé. Ṣùgbọ́n bí òjò bá rọ̀ lé imọ̀, wúyẹ́wúyẹ́ báyìí ló máa ń ṣe, bí àwọn àgbà tó ń ròyìn nínú yàrá. Mo ń kọ́ni lọ ní tèmi. Ọmọ tó jókòó sẹ́yìn pátápátá dá mi lóhùn. Alábẹ̀wò ní, "Tíṣà, láti ibi tí mo ti sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ni mo ti ń gbọ́ yín." Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, Sùnmọ́nù gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wá. Kò kí mi kú iṣẹ́ oko mọ́. Ó ní, "Ọ̀rẹ́, ṣé àyè ṣì kù lábẹ́ imọ̀ yẹn?" Kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún un. Èèyàn dáadáa ni.

Ó dáa. Kí la rí kọ́? Ohùn ni ọkọ́ tíṣà. Ibi tó bá pa ohùn rẹ, ó ti gba ọkọ́ lọ́wọ́ rẹ. Ẹ fi síbẹ̀, ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí Rónkẹ́.

Gbogbo yín mọ̀ pé ẹ̀kọ́ Òyìnbó ni Rónkẹ́ kà ní yunifásítì tó wà ní Òjó yìí. Ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní Okokomaiko ló ti ń kọ́ni. Ẹ wo ibẹ̀ ná: títì ńlá wà níwájú, ìjọ tó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn síta wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, jẹnẹrétọ̀ wà lẹ́yìn. Ohùn Rónkẹ́ sì rèé, ohùn ẹni tó ń rẹ ọmọ sùn ni. Tó bá fi máa di ọjọ́ Jímọ̀, kò ní sí ohùn mọ́. Ó jẹ orógbó títí eyín rẹ̀ pọ́n. Dókítà ní bí kò bá jẹ́ kí ohùn náà sinmi, ohùn náà á sinmi fúnra rẹ̀, kò sì ní padà. Kò ju ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lọ o!

Ìgbà yẹn ni iṣẹ́ Táílándì dé. Ilé ẹ̀kọ́ ìjọba, kó máa kọ́ àwọn ọmọ wọn ní Òyìnbó. Wọ́n ní kó mú ọ̀kan nínú méjì: Báńkọ́kù, olú ìlú wọn, tàbí ìlú kékeré kan lórí òkè. Kó fèsì kó tó di ọjọ́ Ajé.

Bísí, ọmọ mi, ìyá Rónkẹ́, kò jẹ́ ká tíì jókòó. "Bàbá, Báńkọ́kù ni! Ìjọ wa wà níbẹ̀. Wọ́n ń ta gàrí níbẹ̀. Ṣé mo máa wá rán ọmọ lọ sókè òkun kó tún lọ máa gbé oko ni?" Rónkẹ́ náà ní, "Bàbá, kí ni mo fẹ́ máa bá ya fọ́tò lórí òkè? Màlúù?" Ó fi fọ́tò ilé ẹ̀kọ́ méjèèjì hàn mí lórí fóònù. Méjèèjì rẹwà. Mo fi oríkì rẹ̀ pè é, mo ní, "Àbẹ̀ní, fọ́tò kì í pariwo. Sọ fún tíṣà tó wà níbẹ̀, nígbà tí òjò bá ń rọ̀, kó gbé fóònù sí ẹ̀yìn kíláàsì, kó gba ohùn ibẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ."

"Bàbá! Èèyàn ń béèrè owó oṣù, ẹ ní kí n béèrè òjò?"

"Béèrè."

Ojú tì í, ṣùgbọ́n ó béèrè. Ti Báńkọ́kù ló kọ́kọ́ dé. A gbé fóònù sáàárín pálọ̀. Ẹ gbọ́ nǹkan! Òjò ń dà, ọkọ̀ ojú irin ń kọjá lórí afárá, alùpùpù ń ké bí oyin. Bísí fò sókè. "Ẹ gbọ́ ìlú! Ó dà bí Okoko gan-an!"

Mo ní, "Ohun tí mo ń sọ náà nìyẹn."

Mo wo Rónkẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ ti wà lọ́fun. Tíṣà ibẹ̀ ní kò burú, àwọn máa ń so gbohùngbohùn kékeré mọ́dìí, bíi ti àwọn tó ń polówó oògùn eku láyìíká wa níbí. Bísí ní, "Ìyẹn ò le! A ó ra ńlá fún un ní ọjà Alábà!"

Ti orí òkè wá dé. Òjò ń rọ̀ níbẹ̀ náà, ṣùgbọ́n orùlé alámọ̀ ni, òjò ń rìn lórí rẹ̀ jẹ́jẹ́. Ọmọ kan wúkọ́, a gbọ́ ọ. Obìnrin kan sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ rọra, àwọn ọmọ dá a lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Àkùkọ kan náà dáhùn. Rónkẹ́ tún un gbọ́. Ó tún un gbọ́. Ó wá sọ pé, "Bàbá, ohùn obìnrin yìí ò ju tèmi lọ."

Èmi kọ́ ni mo yan ibẹ̀. Ẹ gbọ́ yẹn dáadáa. Bísí kàn béèrè pé, "Gàrí ńkọ́?" Mo ní gàrí a máa wọ bàálù.

Ó ti lọ báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ló pè mí, ìpè tí a ti ń rí ojú ara wa. Bí mo ṣe gbé e báyìí, òjò Ìbà ya lu páànù orí mi níbí. Gbàràgàdà! Mo rí ẹnu rẹ̀ tó ń ṣí, tó ń pa dé. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo pàtẹ́wọ́ fún un. Ìgbà tí òjò dá, Rónkẹ́ pe Bísí, Bísí ló sì wá jíṣẹ́ fún mi. Rónkẹ́ ní òun ò rántí ìgbà tí òun jẹ orógbó gbẹ̀yìn.

Hmm. Láyé tiwa, wọn ò bi wá léèrè. Láyé tiyín, wọ́n ń bi yín, fọ́tò lẹ fi ń dáhùn. Ẹni tó bá tún fẹ́ lọ nínú yín, mi ò ní dí i lọ́wọ́. Kó ṣáà kọ́kọ́ gbọ́ ibi tó ń lọ. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ yín kan omi ná.

Òjò tún ti ṣú yẹn o. Ta ló ní ìbéèrè? Kó yáa tètè béèrè, kí òjò tó dé orí páànù.